Ìṣẹ́jú 8 lábẹ́ yìnyín

Àwa mẹ́fà la fi sikí, pákó gígùn tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti rìn lórí yìnyín, gun òkè tí ẹnikẹ́ni kì í ṣọ́, èmi sì ni olórí. Mo ní ká máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kẹta dé àárín, yìnyín òkè ya lulẹ̀, ó gbé e lọ.

Àwa tó wà lókè fẹ́ sáré tẹ̀ lé e. Mo pariwo pé, "Ẹ dúró ná!" Ó dùn mí wọra láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó bá tún ya, ta ni yóò wá wa? Ẹnì kan nínú wa ń wo òkè bóyá yóò tún ya, ó sì ń pe àwọn adóòlà. Àwọn yòókù yí ẹ̀rọ tó ń fi àmì ránṣẹ́, èyí tí gbogbo wa so mọ́ra, sí wíwá àmì ẹni tí yìnyín gbé lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 sí 15, ìrètí ẹni tí yìnyín bò máa ń já wálẹ̀ gan-an. A ò lè dúró de hẹlikọ́pítà.

Ọ̀pá gígùn tí ẹ̀gbọ́n kan nínú wa fi ń gún yìnyín wò kàn án. A fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ jáde. Ó ń mí!

Láàárọ̀, àbúrò tó kéré jù nínú wa ti ní ọkàn òun ò balẹ̀ sí òkè yẹn. Mo gbọ́, mo sì kọtí ikún. Mo pè é lálẹ́ yìí, mo tọrọ àforíjì.