Bọ̀dá, oṣù ti parí

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa lọ bẹ àwọn tó wà nínú ìṣòro wò, ẹ jẹ́ n sọ ibi témi ti gbé e gbòdì.

Nígbà témi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bọ̀dá kan nínú fẹlóṣíìpù wa, ìyàwó wọn sì wà lórí àìsàn. Mo gbé Bíbélì, mo lọ kí wọn, mo ka Jeremáyà 29:11, "èmi mọ èrò tí mo rò sí yín", ni mo bá là á mọ́lẹ̀ pé kóṣù yìí tó parí ẹ máa jẹ́rìí. Kò sẹ́ni tó rán mi o! Bí wọ́n ṣe ń wò mí ni ò jẹ́ kí n lè jókòó jẹ́ẹ́, mo kàn fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín kí n ráyè máa lọ.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù tó tẹ̀ lé e, fóònù mi dún, bọ̀dá yẹn ló pè. "Bọ̀dá, oṣù ti parí." Ohun tí wọ́n sọ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò pariwo, wọn ò bú mi, ká ní wọ́n tiẹ̀ bú mi ni ì bá sàn.

Ìgbà yẹn ni mo tó lọ ka orí yẹn látòkè. Ẹsẹ 10 tó ṣáájú 11 yẹn, ọdún 70 ló wí! Lẹ́tà ni Jeremáyà kọ sáwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ Bábílónì, ó ní kí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n fẹ́yàwó kí wọ́n bímọ, ìyẹn ni pé àwọn àgbà tó wà ńbẹ̀ nígbà tí lẹ́tà yẹn dé, Bábílónì náà lọ̀pọ̀ wọn máa kú sí. Ẹ tún ṣí orí 28, ẹ máa bá wòlíì kan tó ń jẹ́ Hananáyà níbẹ̀, òun ní ọdún 2 péré gbogbo ẹ̀ á yanjú, ó bọ́ àjàgà igi tí Jeremáyà fi ń ṣàpẹẹrẹ ìsìnrú Bábílónì lọ́rùn ẹ̀ ó sì ṣẹ́ ẹ lójú gbogbo èèyàn. Jeremáyà gan-an ṣe àmín sí i, torí ta ni ò fẹ́ kó tètè tán? Àmọ́ irọ́ ni, Hananáyà ò sì ré ọdún yẹn kọjá. Ẹ̀rù bà mí, torí iṣẹ́ Hananáyà lèmi náà lọ ṣe nílé onílé, oṣù kan lèmi tiẹ̀ fún wọn.

(Ẹ̀yin tẹ́ẹ máa ń sọ pé àìnígbàgbọ́ ló fà á, Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ẹ̀gún kan tó ń dà á láàmú lára, kò kúrò. Ẹ lọ sọ fún Pọ́ọ̀lù.)

Mo padà lọ tọrọ àforíjì. Lọ́tẹ̀ yìí mo jókòó, mi ò sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù náà ṣe dáadáa fọ́jọ́ 7, ìgbà tí wọ́n lanu ni wàhálà dé. Ìyàwó wọn ló wá ní àdúrà ò wá sóun lẹ́nu mọ́, ni mo bá ka Sáàmù 88 fún wọn, èyí tó jẹ́ pé inú òkùnkùn ló parí sí, kò sí ìyìn kankan nísàlẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ní, "Ó wà nínú Bíbélì báyìí?" Wọ́n gba Bíbélì lọ́wọ́ mi, wọ́n tún un kà fúnra wọn. Wọ́n sunkún, wọ́n wá ní àwọn ò mọ̀ pé èèyàn lè bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ báyẹn kó ṣì máa pè é ní Ọlọ́run ìgbàlà òun. Lójú tèmi, ìrètí nìyẹn, kò ní déètì nínú.

Ẹ rántí Èlíjà náà, nígbà tó ní kóun kú, oúnjẹ àti omi ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ fún un, ó sì tún sùn. Nítorí náà a pín in láàrin ara wa, ẹnì kan ń gbé wọn lọ sọ́síbítù, ẹnì kan ń fọṣọ, ẹnì kan ń jókòó tì wọ́n tí bọ̀dá bá lọ wáṣẹ́.

Iṣẹ́ tí bọ̀dá ń wá yẹn tó ọdún méjì kó tó dé. Ìyàwó wọn ṣì ń lo oògùn di bí mo ṣe ń kọ èyí, tí mo bá sì ti pè wọ́n, kí n tó kí wọn tán wọ́n á ní, "Bọ̀dá, ẹ ka Sáàmù mi fún mi ná."