Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára ìdìbò North Dakota: àdírẹ́sì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bá àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà wá káàdì ìdánimọ̀ tí wọ́n á fi dìbò ní North Dakota, ẹ kọ́kọ́ yí káàdì náà wò dáadáa. Ìpínlẹ̀ yìí kì í forúkọ olùdìbò sílẹ̀ ṣáájú, káàdì ìdánimọ̀ ọwọ́ èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ fún un. Orúkọ, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì ojúlé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé. Màmá àgbà á na káàdì ìdánimọ̀ tí ẹ̀yà rẹ̀ fún un, fọ́tò rẹ̀ mọ́ kedere, ẹni tó jókòó sídìí tábìlì ìdìbò mọ̀ ọ́n láti kékeré, àmọ́ P.O. Box ló wà lórí káàdì. Kò sí nọ́ńbà ilé, kò sí orúkọ títì. Ìbò rẹ̀ kò ní wọ àpótí lọ́jọ́ náà. Ẹ má pè é ní àìbìkítà o! Lórí ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹ̀yà onílẹ̀, bíi Standing Rock, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní nọ́ńbà, wọn kì í sì í gbé lẹ́tà dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́dún 2018, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ló kù kí wọ́n dìbò nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kí òfin àdírẹ́sì ojúlé náà máa lọ. Ní Turtle Mountain, ilẹ̀ ẹ̀yà míì, káàdì tuntun tí wọ́n ń sáré tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ pọ̀ débi pé ẹ̀rọ gbóná títí ó fi ń yọ́ káàdì.

Torí náà, ẹ tètè pe ẹni tó ń bójú tó àdírẹ́sì 911 ní káúńtì (911 ni nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní Amẹ́ríkà; ẹ má tẹ 911 fúnra rẹ̀). Ẹ júwe oríta tó sún mọ́ ilé jù, àti ọwọ́ ibi tí ilé wà, bá a ṣe ń júwe ilé lábúlé. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gba lẹ́tà àdírẹ́sì náà lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀yà kí wọ́n fi tẹ káàdì tuntun. Bí àyè ò bá sí, ẹ mú lẹ́tà náà dání pẹ̀lú káàdì àtijọ́. Bíìlì iná, ìwé àkáǹtì báńkì tàbí ṣẹ́ẹ̀kì owó iṣẹ́ náà ń ṣiṣẹ́, bí àdírẹ́sì ojúlé bá wà lára wọn.

Mo tún un sọ: àdírẹ́sì! Bí lẹ́tà bá kọ Street, tí káàdì kọ Avenue, wàhálà dé.

Ẹni tí wọ́n dá padà, kó má lọ sílé. Kó ní kí wọ́n ya ìbò òun sọ́tọ̀, kó sì mú ìwé wá kí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìbò wò tó jókòó. Látìgbà tí ìpínlẹ̀ náà ti bá àwọn ẹ̀yà ṣàdéhùn nílé ẹjọ́ lọ́dún 2020, ẹni tí kò mọ àdírẹ́sì rẹ̀ lè sàmì sí ilé rẹ̀ lórí máàpù. Ẹ jókòó tì í, kó má sàmì sí ilé aládùúgbò.