Làálì kọ́kọ́, aró tẹ̀lé e: àkọsílẹ̀ bí mo ṣe ń rẹ ewú mi láró

Sọ́ńdè, ọ̀sẹ̀ kìíní

Mo bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ yìí kí n má baà gbàgbé ohun tí mo ṣe àti bí mo ṣe ṣe é. Ewú ti gba ẹ̀bátí mi méjèèjì, ó sì ti ń rá wá sí iwájú orí.

Lọ́dún tó kọjá, mo ra lúbúlúbú kan nínú ọ̀rá pélébé. Wọ́n kọ “làálì dúdú” sí i lára, wọ́n ní láàárín ìṣẹ́jú 15 irun á dúdú kirikiri. Ó dúdú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, etí mi ti wú, awọ orí mi ń ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata rodo pa á. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kò sí làálì tó ń yọ dúdú fúnra rẹ̀. Pupa ni làálì ń yọ. Èyí tó bá yọ dúdú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ti po nǹkan mọ́ ọn, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù ni kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PPD. Òun ló ń bó awọ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Inú mi kò dùn sí i títí di òní pé wọ́n ń fi orúkọ làálì ta á.

Nítorí náà, ewé, omi àti ohun ilé ìdáná nìkan ni mo fẹ́ lò báyìí. N kò sì wá dúdú kirikiri mọ́. Hádíìsì kan wà tí àwọn Àfáà wa máa ń kà: lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ́gun Mẹ́kà, wọ́n mú Abu Quhafah, bàbá Abu Bakr, wá, orí àti irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní kí wọ́n fi nǹkan yí i padà, ṣùgbọ́n kí wọ́n yẹra fún dúdú. Ohùn àwọn onímọ̀ kò ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Tèmi ni pé ọkàn mi balẹ̀ sí àwọ̀ tó dúdú tó sì ní pupa nínú, bí àdín inú ìgò lójú oòrùn.

Àlàrùba, ọ̀sẹ̀ kìíní

N kò tíì fi nǹkan kan orí. Irun tó bọ́ sínú òòyà ni mo fi ń dán an wò. Ó ti tó oṣù kan tí mo ti ń ṣa àwọn tó funfun sínú àpòòwé. Mo so wọ́n ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, mo fi òwú dúdú di ìdí wọn, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí, mo sì kọ nọ́ńbà sábẹ́ ìdì kọ̀ọ̀kan.

Ohun ilé ìdáná ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí òun ni gbogbo ẹni tí mo bi ń sọ. Mo se tíì títí ó fi dúdú. Mo po kọfí. Ìyá aláta tó wà lọ́nà ilé wa fún mi ní èèpo àlùbọ́sà pupa ẹ̀kún abọ́ kan, mo sè é. Mo rẹ irun sínú wọn mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ti tíì dà bí etí aṣọ funfun tí tíì ta sí. Ti kọfí dúdú jù ú lọ díẹ̀. Ti àlùbọ́sà yọ rúsúrúsú, ó ń dán, ó wù mí wò gan-an. Mo wá fi ọṣẹ dúdú fọ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Kọfí bá omi lọ. Tíì ṣẹ́kù bí òjìji. Àlùbọ́sà nìkan ló dúró díẹ̀, kì í sì í ṣe àwọ̀ tí mò ń wá.

Ẹni tí irun rẹ̀ ṣì dúdú lè fi tíì ṣan orí kí ó máa dán, ìyẹn dára bẹ́ẹ̀. Apá tíì kò ká ewú.

Sátidé, ọ̀sẹ̀ kejì

Mo yà kí Màmá ní Òkèlele, ní Ìlọrin níbí, kí n tó lọ sí Ọjà Ọba. Màmá ló máa ń lé làálì fún ìyàwó ní àdúgbò wa nígbà tí ojú wọn ṣì ríran dáadáa. Wọ́n ní kí n má ra èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti di ti ewé tó kú. “Gbọ́ òórùn rẹ̀. Kí ó máa rùn bí koríko tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Bí ó bá ti pẹ́ jù lórí àtẹ, kò ní í mú ọ lọ́wọ́, kí á má tíì sọ irun.”

Mo ra ewé gbígbẹ, mo sì tún ra èyí tí wọ́n ti lọ̀, kí n lè fi wọ́n wéra. Mo bu ṣíbí kan nínú èyí tí wọ́n ti lọ̀ sínú ife omi: ewé léfòó, yanrìn rọ̀ sídìí ife. Bí yanrìn yẹn bá wà nínú irun, fífọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mo gún ewé tèmi fúnra mi, mo sì fi ìborùn tínrín jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ ro mí, ṣùgbọ́n ó kúná bí àtíkè.

Sọ́ńdè, ọ̀sẹ̀ kẹta

Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ méjì pò ó, ó ki bí gbẹ̀gìrì. Mo fi ọ̀rá bo abọ́ náà. Ìdúró yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ ṣe, òun sì ni iṣẹ́ gan-an. Èròjà tó ń pọ́n nínú làálì, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lawsone, kì í jáde wéré. Kíkan ọsàn ni kì í jẹ́ kí ó tètè bàjẹ́ bó ṣe ń jáde díẹ̀díẹ̀. Màmá kò mọ orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó: tọ́ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí o kà dé ìṣẹ́jú márùn-ún, kí o nù ún. Ní wákàtí méjì, àtẹ́lẹwọ́ mi kò ní nǹkan kan. Ní wákàtí kẹrin, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ní wákàtí kẹfà, ó pọ́n bí ọsàn. Ooru ìlú yìí ń ràn án lọ́wọ́. Nígbà ọyẹ́, ó lè di mọ́jú.

Ìdì tí mo fi sínú rẹ̀ pupa fòò. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò yẹsẹ̀. Kì í ṣe pé ó lẹ̀ mọ́ irun lójú. Ó wọ inú rẹ̀, ó dì mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí kò fi dí omi àlùwàlá lọ́wọ́. Ó kù kí á mú un dúdú.

Sátidé, ọ̀sẹ̀ kẹta

Àṣìṣe tèmi ni mo fẹ́ kọ síbí. Ewé aró tí wọ́n ń kó wá láti Íńdíà, indigo, ni mo rà fún ìpele kejì. Kì í ṣe igi kan náà pẹ̀lú èlú tiwa, ṣùgbọ́n aró kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì. Mo ṣe é bí mo ṣe ṣe làálì: mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo bò ó, mo fi í sílẹ̀ mọ́jú. Ní àárọ̀, ó ti dúdú lójú, inú mi dùn. Mo ti ìdì pupa bọ̀ ọ́ fún wákàtí méjì. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́, pupa náà ni mo bá. Mo tún un ṣe pẹ̀lú ìdì mìíràn, bákan náà ni.

Mo gbé páálí mi lọ bá Màmá. Mo ní, “Màmá, ẹ bá mi wò ó, aró yìí kò mú.” Wọ́n bi mí bí mo ṣe pò ó, mo sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí aláró bá yọ aṣọ nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di dúdú lójú wa. Èyí tí o pò yẹn, inú abọ́ ló ti di aró tán. Kí ló tún kù tí yóò wọ irun?”

Mo jókòó, mo ronú sí i. Ohun tó wà nínú ewé kì í ṣe aró síbẹ̀. Bí omi bá kàn án, ó ń tú jáde; bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, ó ń di aró; bí ó bá sì ti di aró, kì í yọ́ sínú omi mọ́. Inú irun ló yẹ kí ó ti di aró. Aláró lè tú èyí tó ti dì padà, nítorí ó ní omi eérú, ó sì ń fi ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó kan. Èmi kò lè da omi eérú sórí. Á jẹ irun. Làálì fẹ́ kí á dúró dè é. Aró kì í dúró de ènìyàn.

Mo tún un pò nírọ̀lẹ́ yẹn: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti iyọ̀ díẹ̀, kò sí ọsàn. Mo dúró tì í. Ní bí ìṣẹ́jú kẹwàá, ojú rẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà láti etí abọ́, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó dúdú bí aṣọ adìrẹ ń rá lọ sí àárín. Mo ti ìdì bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ti kúrò ní pupa. Mo pariwo pe ọmọbìnrin mi kí ó wá wò ó.

Sátidé, ọ̀sẹ̀ kẹrin

Orí mi ló kàn. Alẹ́ Jímọ̀ ni mo ti fi ọṣẹ fọ irun, n kò fi òróró kankan sí i. Làálì gíráàmù 100, mo pò ó láàárọ̀ kùtù, mo lé e lẹ́yìn Àílà. Ọmọ mi ń la irun ní ìlà-ìlà, èmi ń fi ìka kún un láti ìdí. Mo fi òrí pa etí àti iwájú orí kí ó má baà pọ́n níbẹ̀. Ọ̀rá, gèlè àtijọ́, wákàtí mẹ́ta. Ó wúwo lórí, ó sì tutù. Mo fi omi nìkan fọ̀ ọ́ kúrò.

Aró gíráàmù 100 tẹ̀lé e. A yára. Wákàtí kan péré ni mo fún un, nítorí bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dúdú rẹ̀ á pọ̀ ju bí mo ṣe fẹ́.

Nígbà tí mo wo dígí, àyà mi já: ẹ̀bátí mi méjèèjì dà bí ewé.

Àtìní, ọ̀sẹ̀ karùn-ún

Àwọ̀ ewé ti lọ. Ó gba odindi ọjọ́ méjì. N kò fi ọṣẹ kàn án ní gbogbo àsìkò yẹn, mo kàn ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Lábẹ́ òrùlé, ó dúdú. Ní ìta, ewú àtijọ́ ń yọ pupa láàárín àwọn tó kù. Àdín gẹ́lẹ́. Awọ orí kò wú, kò yún mi.

Ọ̀sẹ̀ keje

Mo ti fọ irun lẹ́ẹ̀mẹrin. Dúdú ti ṣí díẹ̀ ní ẹ̀bátí ọ̀tún, níbi tí mo rò pé làálì kò dé ìdí. Ewú tuntun ti ń yọ lórí, kò tíì tó ìdajì ìka. Ìdí irun nìkan ni n ó máa ṣe láti ìsinsìnyí. Kò sí ìdí láti tún èyí tó ti mú rẹ̀.

Màmá fọwọ́ kan irun mi ní àná, wọ́n yí orí mi sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n ní àwọn náà fẹ́, ṣùgbọ́n kí n má fi aró sí tiwọn. “Làálì nìkan. Kí ó pọ́n. Mo ti lé e fún ọ̀pọ̀ ìyàwó, kò sẹ́ni tó lé e fún mi rí.”

Mo ti pò ó láàárọ̀ yìí. Agogo méjì ti kọjá, àtẹ́lẹwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Màmá ti tú gèlè wọn sílẹ̀, wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń bi mí pé ṣé kò tíì tó.