Ọmọ Ọlọ Tí Mo Jù Sí Ṣáláńgá

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú jáde nílé kẹta sí tiwa, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe nígbà tí mo délé ni pé mo wọ ilé ìdáná, mo gbé ọmọ ọlọ mi, mo gbà ẹ̀yìnkùlé, mo jù ú sí ṣáláńgá. Mo dúró títí mo fi gbọ́ ìró rẹ̀ nísàlẹ̀. Ọlọ fúnra rẹ̀ wúwo, mi ò lè dá a gbé, ni mo bá dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́bàá ògiri, mo fi bàsíà tó ti sán bò ó. Láti ọjọ́ yẹn, ata ẹ̀rọ là ń jẹ nílé wa. Bí oníẹ̀rọ ò bá rí epo rà, a ó fi epo pupa jẹ iṣu.

Ẹni tó bá gbé Ìkòròdú láàárín ọdún 2016 sí 2017 ò ní bi mí pé kí ló dé. Ẹ̀yin tẹ́ ò sí níbẹ̀, àwọn apààyàn kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Badoo ló ń wọlé onílé lóru nígbà yẹn. Wọ́n á bá bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ lójú oorun, wọ́n á fi òkúta tàbí ọmọ ọlọ fọ́ wọn lórí. Adigunjalè, èèyàn ṣì lè bẹ̀ ẹ́, o lè gbé owó fún un, ó lè bá tirẹ̀ lọ. Àwọn wọ̀nyí kò wá gba owó, ẹni tó ń sùn ni wọ́n wá bá. Ohun tí gbogbo ìlú wá mọ̀ ni pé oorun ló ń pani.

Ni a bá ṣíwọ́ oorun. Àwọn ọkùnrin ń dáná táyà ní oríta, wọ́n ń fi irin lu òpó iná, wọ́n ń fọn fèrè. Àwa obìnrin kó ẹní àti ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀fọn jẹ wá débi tí ara àwọn ìbejì mi fi dà bíi ẹni tó ní ilẹ̀ẹ́gbóná. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n nígbà yẹn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà, bó tilẹ̀ ń tì mí lójú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan tí a ò mọ̀ rí wọ àdúgbò wa, ó ń béèrè ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A yí i ká. Èmi náà wà níbẹ̀, èmi náà sì pariwo pé kí wọ́n má jẹ́ kó lọ. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù wa ló jáde pẹ̀lú ìró àti síńgílẹ́ẹ̀tì, ó fi ara rẹ̀ bo ọmọ náà títí wọ́n fi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Ní àdúgbò míì, kò sẹ́ni tó jáde, wọ́n sun àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ láàyè. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ohun tí òwe yẹn ò sọ ni pé ẹlòmíì kì í sá, igi ló máa ń mú.

Nígbà tó yá, ọlọ́pàá kó wọn, ìlú rọlẹ̀, oníkálukú padà sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Èmi nìkan ni mi ò padà. Láago méjì òru, ojú mi á là gbàragàdà. Mo máa ń tún ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, mo máa ń kà á. Lẹ́yìn náà, màá lọ fi ọwọ́ sí abẹ́ imú àwọn ọmọ, bóyá wọ́n ṣì ń mí. Ní ọ̀sán, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, bí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù bọ́ lulẹ̀ báyìí, igbe ni màá ké. Mo lu ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ kan nítorí èyí. Kò padà wá mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún dókítà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń sọnù. Mi ò sọ pé ẹ̀rù ń bà mí. Mo ní àyà mi ń já, orí mi ń gbóná, nǹkan ń rìn kiri ní ara mi bíi èèrà. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀, wọ́n ní ibà ni, wọ́n tún ní taifọ́ọ̀dù ni. Mo gba abẹ́rẹ́ taifọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan. Ẹnikẹ́ni ò bi mí pé, "Ìyá, kí lojú yín rí?" Èmi náà ò sì sọ, torí mo rò pé àìsàn ni mo gbé wá, n kò gbé ìtàn wá. Onílé-oògùn kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wá fún mi ní oògùn oorun. Mo lò ó fún oṣù méje. Mo sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mi ò bá rí i lò, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, mi ò lè ki òwú sí ojú abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra fún oògùn yẹn. Ó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, bí a ó ṣe fi í sílẹ̀ ló le. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ sì ti dín in kù díẹ̀díẹ̀, ẹ má dá a dúró lójijì.

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe mí. Ó bá mi ní pálọ̀ọ̀ lóru lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí iná lọ, tó wá wo mítà. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ ṣì ń ṣọ́ ilé ni?" Mo ní, "Rárá o, bàbá, omi ni mo fẹ́ mu." Ó rẹ́rìn-ín. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó sì sọ fún mi pé Modákẹ́kẹ́ lòun ti sá wá ní ọdún 2000, nígbà ogun àwọn àti Ifẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997. Ilé òun jó, àbúrò òun lọ sí i. "Títí di òní, bí àwọn ọmọ bá ń yin bánga lóṣù Kejìlá, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni Màmá ti máa ń wá mi. Èmi àgbà!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan.

Síbẹ̀ mi ò lọ síbì kankan. Ìdòwú ló lé mi lọ.

Ọdún 2019 ni mo bí Ìdòwú. Gbogbo wàhálà yẹn ti kọjá lọ kó tó dáyé, a ò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé. Lóru ọjọ́ kan ní 2022, mo dìde bí mo ṣe máa ń dìde, mo sì bá a ní yàrá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka kékeré sí abẹ́ imú Kẹ́hìndé. Ó dúró. Ó tún lọ sọ́dọ̀ Táyé. Nígbà tó rí mi, ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ń mí."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo sọ fún ọkọ mi pé mò ń lọ ra aṣọ ìtẹ́nú ní Tejúoṣó. Ibi tí mo ń lọ gan-an ò jìnnà sí Tejúoṣó, òun la máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé "Yábàá Lẹ́fùtù". Láti ọdún 1907 ni ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ yẹn ti wà, bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ṣì ń bo ojú wọ ibẹ̀. Mo wé gèlè wálẹ̀ dé ojú, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ṣáájú géètì, mo wo ọ̀tún wo òsì bí olè.

Kò sí ẹni tó ń já aṣọ rẹ̀ níbi tí mo jókòó sí. Awakọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí ọkọ̀ rẹ̀ ti jóná ní ọ̀nà márosẹ̀. Sójà kan wà tó dé láti Bọ̀rnó. Obìnrin kan wà tí ọmọ kú sí nínú nígbà ìrọbí. Kò sẹ́ni tó mọ ẹnikejì, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀fúùfù gbá ilẹ̀kùn kan pàà, gbogbo wa la fò lẹ́ẹ̀kan náà. A wo ara wa. Sójà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Àǹtí tó tọ́jú mi kì í kánjú. Ó ní láyé yìí, bíi 70 nínú 100 èèyàn ló máa rí ohun tó bani lẹ́rù kọjá agbára rí kí wọ́n tó kú, ara ọ̀pọ̀ wọn á sì balẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn tí kò balẹ̀ fún, bí ó bá ti kọjá oṣù kan, ni àwọn dókítà ń sọ pé wọ́n ní PTSD, ìyẹn àìsàn tí ẹ̀rù ohun tó ti kọjá kì í fi ara sílẹ̀. Ó ní Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé bíi 4 nínú 100 èèyàn lágbàáyé ló ti ní i rí. Níbi tí ogun bá sì ti jà, ẹnì kan nínú márùn-ún ló ń bá àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn yí, bóyá èyí ni o, bóyá ìbànújẹ́ ọkàn, bóyá òmíì. Mo bi í pé ṣé àìsàn tuntun ni. Ó ní rárá, pé nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, àwọn sójà òyìnbó ń gbọ̀n, wọ́n ń dákẹ́ bí odi, wọ́n sì ń pe àwọn míì nínú wọn ní ojo. Ọdún 1980, lẹ́yìn ogun Vietnam, ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà tó fi orúkọ yẹn sínú ìwé wọn.

Mo wá bi í ní ti Ìdòwú. Ó ní àwọn dókítà ti ń rí èyí láti àwọn ọdún 1960 lára ọmọ àwọn Júù tí Hitler kò rí pa: ọmọ tí kò rí ibùdó tí wọ́n kó àwọn òbí rẹ̀ sí rí, tó sì ń bẹ̀rù bí ẹni tó ti ibẹ̀ dé. Ó ní ọmọdé ò nílò kí a sọ ìtàn fún un, ọwọ́ wa ló ń wò. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú jáde lọ.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò dà bí mo ṣe rò. Mo rò pé ó máa ní kí n gbàgbé ni. Ìtàn òru yẹn ló ní kí n máa sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, léraléra, títí ó fi dà bí ìtàn tó ṣẹlẹ̀ láná, tí kì í ṣe èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n to ohun tí mò ń sá fún láti kékeré dé ńlá. Èyí tó kéré jù ni kí n pe "ọlọ" jáde lẹ́nu. Èyí tó ga jù ni kí n sùn nínú yàrá pẹ̀lú iná pípa. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi báyìí: ìgbàkigbà tí mo bá sá, ara mi á balẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ọkàn mi á sì gbà pé sísá yẹn ló gbà mí là. Ilẹ̀kùn tí mò ń tún wò lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, òun gan-an ló ń bọ́ ẹ̀rù náà. A dín in sí márùn-ún, a dín in sí mẹ́ta. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, mo làágùn bí ẹni gún iyán.

Bí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan lọ́dọ̀ yín, ẹ fún un ní omi, oúnjẹ, ibi tó máa sùn sí, ẹ bá a wá àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹ má fipá mú un ròyìn lọ́jọ́ yẹn. Bó bá fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ kó sọ. Bí ọmọ tó ti ń dá tọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, tàbí tó ń fi ohun tó rí ṣeré, ẹ má nà án. Táyé máa ń dùbúlẹ̀ fún Kẹ́hìndé nígbà yẹn, Kẹ́hìndé á máa fi bàtà gbá a lórí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo nà wọ́n. Ká ní mo mọ̀ ni.

Ní ti àdúrà, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Orí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo sùn sí nígbà tí mi ò ríbi sùn. Ṣùgbọ́n wòlíì kan ní ìyá ọkọ mi ló ń bá mi jà lóru, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé mi ká. Obìnrin yẹn ló bá mi tọ́jú ìbejì!

Oṣù tó kọjá ni mo dé ọjà Sábó, mo dúró níwájú ìyá tó ń ta ọlọ. Mo ná ọlọ, a gbà. Ó wá gbé ọmọ rẹ̀ lé e. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, ọlọ nìkan ni mo fẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dúró ná." Ìyá wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, kí lẹ fẹ́ fi lọ ata? Ìgbọ̀nwọ́?" Mi ò lè ṣàlàyé. Mo ní màá padà wá mú un lọ́jọ́ Sátidé. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ àmì kan sí abẹ́ rẹ̀ kó má baà tà á, ó sì tì í sábẹ́ tábìlì.