Wíwò ló kàn fẹ́ràn

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù Bélú. Òjò láti àfẹ̀mọ́júmọ́.

"Wíwò ló kàn fẹ́ràn." Gbólóhùn tí mo gbé wálé lónìí nìyẹn. Kò wúwo o. Mi ò kàn tíì rí ibi tí màá sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Èmi ni mo ṣọ́ àgbàlá nígbà tí àwọn ọmọ jáde ìsinmi àárọ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo tún lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kọnkéré yẹn, èyí tí wọ́n fi ń gbá tẹ́nìsì orí tábìlì. Ọmọ Year 7 méjì ló ń gbá a, ìyẹn kíláàsì àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Rọ́bà ti ṣí lójú kan bátì ti ọ̀kan, ìwé iṣẹ́ ìṣirò ni èkejì fi ń gbá tiẹ̀, ìwé tí èmi fúnra mi máa máàkì lọ́jọ́ Ẹtì. Bọ́ọ̀lù wọn ti sán, pẹ́ẹ̀ pẹ́ẹ̀ ló ń dún. Omi ṣì wà lójú tábìlì. Bí bọ́ọ̀lù bá ti balẹ̀ síbẹ̀, kì í ta mọ́, ṣe ló máa ń yọ̀ lọ bí ọṣẹ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Èyí tó ń fi ìwé gbá a rí mi, ó sáré fi ìwé pamọ́ sẹ́yìn. Èkejì ní kó fọkàn balẹ̀: "Sir ò ní sọ nǹkan kan. Wíwò ló kàn fẹ́ràn."

Ohun rere ló sọ. Ó ń gbè mí lẹ́yìn ni, ó ń sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé olùkọ́ yìí kì í ṣe ẹni tó ń lé ọmọ kiri. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn, mo kọjá lọ. Aago lù, wọ́n sáré wọlé.

Lẹ́nu ọmọ náà, lédè tiẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn fúyẹ́. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti dá a padà sí Yorùbá, ibẹ̀ ló ti wá yí padà mọ́ mi lọ́wọ́. Níbi tí wọ́n ti bí mi, òǹwòran ni ẹni tí ọ̀ràn ò kàn. Àwọn òǹwòran dúró, wọ́n wò ó tán, wọ́n lọ.

Èmi rèé, ọmọ Òkè-Àdó n'Ìbàdàn, tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń di bátì mú kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di bíírò mú. Pákó la gbé lé orí dírọ́ọ̀mù méjì, búlọ́ọ̀kù la tò sáàárín bíi nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí wọ́n bá nà á bọ́ sílẹ̀, á lọ tò sẹ́yìn. Ọjọ́ míràn wà tí mo máa gun orí pákó yẹn bí a bá ti dé láti ilé ìwé, tí ilẹ̀ á ṣú bá mi níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò tíì lè lé mi sọ̀ kalẹ̀. Lọ́dún 2001 ni wọ́n sọ géèmù di àmì 11 dípò 21 káàkiri àgbáyé. Àwa ò gbọ́. 21 la ṣì ń gbá fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, torí ẹni tó ti tò lórí ìlà láti ìrọ̀lẹ́ ò ní gbà kí wọ́n fi 11 lé òun lọ. Àwọn ọmọ ibí, 11 ni wọ́n ń gbá, aago sì máa ń lù kí wọ́n tó dé 7.

Ṣùgbọ́n èmi náà ti wòran rí, mo sì gbádùn ẹ̀. Oṣù Ògún 2016, ìdíje Òlíḿpíìkì ní Rio, tí Aruna Quadri ọmọ Ọ̀yọ́ na Timo Boll ti Jámánì. Ọmọ Áfíríkà kankan ò tíì dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ nínú eré yìí ní Òlíḿpíìkì kó tó di ọjọ́ yẹn. A kún inú ṣọ́ọ̀bù oníbáábà tó ní jẹnẹrétọ̀, ìdajì wa dúró síta, à ń yọjú láti ojú fèrèsé. Nígbà tí Ma Long ti Ṣáínà wá dá a dúró ní ìpele tó tẹ̀ lé e, a ò tiẹ̀ bara jẹ́. Nítorí náà kí ni mò ń bínú sí? Wíwò náà ṣáà ni.

Rárá. Bátì wà lábíyá mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí eré ṣe parí, orí pákó la sáré lọ, a fi tọ́ọ̀ṣì gbá a.

Iṣẹ́ òní: ìṣirò nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ òdo, ọmọ kan sunkún, ìpàdé olùkọ́ di aago márùn-ún.

Mi ò sì bínú. Mo tún ń kà á lókè, ó dà bíi pé mò ń bínú. Ọmọ tó ń fi ìwé gbá a yẹn, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ rọ̀. Ohun tí mò ń wò nìyẹn! Irú ọrùn ọwọ́ bẹ́ẹ̀, wọn kì í kọ́ ọ, ṣe ni wọ́n ń bí i mọ́ ènìyàn. Ìgúnpá ẹ̀ nìkan ló ga jù. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni mo ní láti sọ fún un, "rẹ ìgúnpá ẹ sílẹ̀," mi ò sọ ọ́. Mo ṣàlàyé fún ọmọ kan náà ní wákàtí kejì pé bí a bá fi nọ́ńbà ìsàlẹ̀ òdo méjì sọ ara wọn di púpọ̀, òkè òdo ni ìdáhùn máa bọ́ sí, ó sì yé e. Ohun tí mo mọ̀ jù láyé, kì í ṣe ìyẹn ni wọ́n gbà mí síṣẹ́ fún.

Ilẹ̀ àwọn ọmọ yìí náà ni eré yẹn ti ṣẹ̀, lórí tábìlì ìjẹun, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. London ni wọ́n ti ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́, lọ́dún 1926. Ní Sheffield yìí kan náà, òkè méje bíi ti Ìbàdàn, ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá kan wà tí tíráàmù máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ni àwọn aláàbọ̀ ara tó ń gbá tẹ́nìsì orí tábìlì fún Britain ti ń ṣe ìgbaradì. Mo ti kọ ìdí mẹ́rin tí mi ò fi gbá a mọ́ sílẹ̀ fún yín láti ọjọ́ tí mo ti dé. Òótọ́ ni gbogbo wọn lọ́jọ́ tí mo kọ wọ́n. Ti orúnkún ṣì jẹ́ òótọ́. Ti owó, bóyá. Èyí tó kù...

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Ta ló máa mọ́ irú èyí lára?

Nígbà tí mo délé, mo fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bátì ṣì wà nínú láílọ́ọ̀nù tí Màámi fi dì í. Ojú pupa ti ń dán, bẹ́ẹ̀ rọ́bà tó bá ti ń dán kì í mú bọ́ọ̀lù mọ́. Mo mí sí i, mo fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún bí a ti máa ń ṣe nílé. Ó mú mi lọ́wọ́ díẹ̀, ó tún yọ̀. Èkù ẹ̀ dúdú fún òógùn. Ibi tí àtàǹpàkò mi máa ń wà ti wọnú igi. Mi ò wá a, ọwọ́ mi fúnra ẹ̀ ló bọ́ síbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó.

Kẹ́hìndé ló wọlé wá bá mi. "Dádì, kí ni wọ́n máa ń fi ṣe?"

Ọmọ mi. Mo wò ó. Mo ní wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan lórí tábìlì.

"Ṣé ẹ̀yin máa ń gbá a?"

"Bẹ́ẹ̀ ni." Mo ti dáhùn kí n tó rò ó.

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ sí pálọ̀, ó ń fi lu tábìlì ìjẹun, kó, kó, kó, Táyélolú ń pariwo pé ó kan òun. Ìyá Ìbejì ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba nǹkan yín lọ́wọ́ wọn, ọbẹ̀ ń tutù." Mo gbà á. Mo gbé e sórí firíìjì, ibi tí ọwọ́ wọn ò ní tó o.

Lọ́la, èmi náà ni màá ṣọ́ àgbàlá, wọ́n sì ní òjò á tún rọ̀. Bátì ṣì wà lórí firíìjì. Ṣùgbọ́n mo ti fi tówẹ̀lì kékeré kan sínú báàgì, torí omi tó máa ń wà lójú tábìlì yẹn.