Oúnjẹ Màmá Di Oúnjẹ Gbogbo Ilé: Àyẹ̀wò Ọdún 2025

Nínú gbogbo ohun tí ọdún 2025 ṣe fún wa, èyí tí mo ń dúpẹ́ fún jù ni pé kò sí ohun tó ń jẹ́ oúnjẹ aláìsàn nínú ilé wa. Aláìsàn wà o. Màmá, ìyá ọkọ mi, tí wọ́n kó wá sọ́dọ̀ wa ní Adó-Èkìtì níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ti ń bá àtọ̀gbẹ fà á láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru sì tún dara pọ̀ mọ́ ọn. Ọkọ mi náà ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Àbíkẹ́yìn wa obìnrin, lẹ́yìn ibà kan tó dá a wó nígbà òjò, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ohun tó ń ṣe kálukú yàtọ̀, ṣùgbọ́n inú ìkòkò kan náà la ti ń bu oúnjẹ fún gbogbo wọn.

Níbi tí Màmá ń gbé tẹ́lẹ̀, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń se tiwọn. Ẹ̀wà tí kò níyọ̀, ẹ̀fọ́ tí kò lépo, nínú àwo kékeré kan, nígbà tí àwọn yòókù ń gún iyán. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìyá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún iyán tọ́ ọmọ títí wọ́n fi di àgbà, ẹ ní kó jókòó ti àwo àdájẹ kó máa gbọ́ ìró odó lẹ́yìnkùlé. Oúnjẹ wo ló fẹ́ wọlé? Màmá á tọ́ ọ wò, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀, tó bá di ọ̀sán wọ́n á rán ọmọdé lọ ra búrẹ́dì. Ṣúgà wọn kò sì wálẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n pè mí sí yàrá, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, bó o bá máa fún mi lóúnjẹ, fún mi lára èyí tí ọmọ mi ń jẹ.”

Ọkọ mi ló wá dá a lábàá pé kí gbogbo ilé máa jẹ ohun tí Màmá lè jẹ. Àwọn ọmọ kùn nítorí nudù wọn. Wọ́n kùn, wọ́n sì jẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni iyán. Ẹ mọ̀ wá ní Èkìtì. Bí ẹnì kan bá fi “ẹ má jẹ iyán mọ́” bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ràn rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dúró gbọ́ ìyókù. Àwọn àgbà sì ti tò ó fún wa tipẹ́: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Nítorí náà a kò lé iyán jáde. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la fún un, a sì yí bí a ṣe ń jẹ ẹ́ padà. Iyán Màmá kò ju ìkúùkù wọn lọ, ti ọkọ mi fi díẹ̀ jù ú. Ọbẹ̀ ló pọ̀: ìlasa tàbí ẹ̀fọ́ rírò tí ẹja kún inú rẹ̀ dáadáa. A máa ń jẹ lára ẹ̀fọ́ àti ẹja yẹn ná kí a tó bu òkèlè àkọ́kọ́, torí bí wọ́n bá ti ṣáájú iyán dé inú ikùn, ṣúgà kì í sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀ bíi ti ẹni tó fi ebi kojú iyán. Tí a bá jẹun tán, Màmá àti ọkọ mi á rọra rìn dé ìkóríta, wọ́n á padà. Ìrìn kékeré yẹn náà ń bá ṣúgà wí, nítorí iṣan ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ń gbà lára rẹ̀ lò.

Láàárín ọ̀sẹ̀, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n ló pọ̀ lórí tábìlì wa, àti ẹ̀wà, àti mọ́ínmọ́ín ewé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n dára, nítorí apá kan nínú rẹ̀ kì í tètè dà nínú ikùn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa: àwọn èèyàn ti sọ ọ́ di ohun tí alátọ̀gbẹ lè jẹ yó bì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kún àwo bí òkè ṣì ń gbé ṣúgà sókè.

Iyọ̀ ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan tí a gé orí rẹ̀. Èyí tó wà nínú mágí wà nínú ìṣirò yẹn, iyọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú mágí. Ẹni tó bá ju hóró mágí mẹ́ta sínú ọbẹ̀, tó tún wá bu iyọ̀ lé e, lè tètè kọjá ibi tí wọ́n ní kó dé.

Irú ló yọ wá. Màmá ló sì ń ṣe é. Wọ́n ní èyí tí a ń rà ní Ọjà Bísí dára, àmọ́ àwọn kò mọ bí iyọ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Wọ́n ní ká ra hóró irúgbá wá. Wọ́n gbé e kaná láti àárọ̀, iná igi, wọ́n ń bomi sí i títí alẹ́ fi lẹ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi ọmọ odó gún un wọ́ọ́rọ́wọ́ kí èèpo lè ṣí, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n ń da omi dúdú yẹn nù títí ó fi mọ́, wọ́n tún un sè, wọ́n sẹ́ ẹ sínú igbá, wọ́n fi ewé bò ó, wọ́n wá fi aṣọ àtijọ́ wé gbogbo rẹ̀, wọ́n gbé e sí igun ilé ìdáná tó ń móoru. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní bíi ọjọ́ kẹta, ó ti ń fà, òórùn rẹ̀ gba ilé kan. Àwọn ọmọ di imú. Màmá fi ìka mú hóró kan, wọ́n fi kan ahọ́n, wọ́n ní, “Ó ti di irú.” Iyọ̀ díẹ̀ báyìí ni wọ́n fi sí i. Láti ìgbà yẹn, ọbẹ̀ wa kò fẹ́ mágí. Ó sì ṣe ohun mìíràn tí kò sí nínú ìwé oúnjẹ kankan: Màmá ní iṣẹ́ nínú ilé. Àwọn aládùúgbò ń wá tọrọ irú lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí gbogbo adúgbò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í rántí àìsàn láti òwúrọ̀ di alẹ́. Mo gbà tọkàntọkàn pé èyí wà lára ìwòsàn wọn.

Ní ti ọmọ wa, dókítà fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi, wọ́n sì fún un ní oògùn aràn. Ẹ̀jẹ̀ tí ibà àti aràn ti mu, ẹ̀fọ́ nìkan kò lè tètè dá a padà. Tiwa ni pé ká ṣe é lọ́nà tí ohun tó ń jẹ yóò fi wọ ara: ẹ̀dọ̀ tàbí igbín nígbà tí owó bá wà, ẹ̀wà àti tẹ̀tẹ̀ nígbà gbogbo, kó sì fi ọsàn tẹ̀ lé e, nítorí ọsàn ń ran ara lọ́wọ́ láti fa áyọ́ọ̀nù (iron) inú ẹ̀fọ́, ìyẹn èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Tíì kò bá oúnjẹ rìn rárá, torí ó máa ń dí i lọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, málítì tí a po mọ́ mílíìkì kò sọ ara di ẹlẹ́jẹ̀. Mo mọ̀ pé gbogbo wa ni wọ́n fi tọ́ dàgbà, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ àgbo ni mo fẹ́ ká jọ tẹ́tí sí. Láàárín ọdún, ọ̀rẹ́ Màmá kan gbé ìgò àgbo àtọ̀gbẹ wá pẹ̀lú omi ewúro, inú rere ló fi gbé e wá. Ọkọ mi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó gbé ìgò náà àti oògùn Màmá lọ bá apòògùn, ó ní kí wọ́n ṣàlàyé. Wọ́n ní ó kéré tán, ọ̀kan nínú oògùn Màmá máa ń lé ṣúgà wálẹ̀ gidigidi. Bí àgbo tí a kò mọ agbára rẹ̀ bá tún bá a pàdé, ṣúgà lè já wálẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, kí èèyàn máa gbọ̀n, kó làágùn, kí òòyì máa kọ́ ọ, kó tilẹ̀ dákú. Màmá gbọ́, wọ́n gbé ìgò náà tì. Ewúro ṣì wà nínú ọbẹ̀ wa, a fọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ, a sì fi ẹ̀gúsí sè é. Oúnjẹ ni níbẹ̀, kì í ṣe ohun tó wá gba ipò oògùn dókítà. Apòògùn yẹn tún sọ pé metformin, oògùn àtọ̀gbẹ tí Màmá ń lò, lè dín fítámì B12 kù nínú ara bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, pé kí a bi dókítà nípa rẹ̀. Nítorí pé fítámì yẹn wà nínú ẹyin àti ẹja, wọn kò wọ́n lórí àwo Màmá mọ́.

Ẹ̀yìnkùlé wa náà gbìyànjú. Gbúre àti tẹ̀tẹ̀ nínú àpò sìmẹ́ńtì, igi ewúro méjì lẹ́bàá ògiri. Ọyẹ́ ti dé báyìí, alaalẹ́ la ń bomi rin wọ́n.

Àbájáde rẹ̀? Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rìn fún bíi oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ti wálẹ̀ fún Màmá. Wọ́n ṣì ń lo oògùn wọn, dókítà kò sì ní kí wọ́n dín in kù. Nọ́ńbà òkè nínú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi, tó máa ń gbé lókè 150, ti ń dúró sí abẹ́ 140 lọ́pọ̀ ìgbà báyìí. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ti gòkè, ó sì ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré ní gbàgede.

Ibi tó ṣì ń dùn wá ni ọjọ́ Sátidé. Ìnáwó Èkìtì, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Òkú àgbà, ìgbéyàwó, ìwúyè, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ìkésíni kì í wọlé, ọkọ mi kò sì lè jókòó láàárín ẹbí kó ní òun kò jẹ. Ó máa ń jẹ ẹ̀wà wa kó tó jáde báyìí, kó má bàa fi ebi kojú jọ̀lọ́ọ̀fù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, kò tíì tó.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún tó ń bọ̀, ojú Màmá la ó kọ́kọ́ gbé lọ fún àyẹ̀wò, nítorí àtọ̀gbẹ máa ń ba ojú jẹ́ láti inú kí ẹni tó ni ín tó fura. Lẹ́yìn náà la ó yẹ kídìnrín àti ẹsẹ̀ wọn wò. Kérésì la ń múra fún báyìí: ìrẹsì Ìgbẹmọ ti wà nílẹ̀, Màmá ti ní àwọn yóò ṣe irú tuntun sílẹ̀ dè é. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbàlagbà tó ń lo oògùn nílé, báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín lọ́jọ́ ìnáwó? Mo fẹ́ gbọ́ kí Sátidé tó kàn tó dé.