Àríyànjiyàn Ìdí Odó ní Kàbà

Kí ẹ tó máa kà á lọ, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́: nínú gbogbo àwọn tí ẹ máa gbọ́ ohùn wọn níbí, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó ní ìbò nínú ìdìbò abẹ́lé ọdún 2022, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú fi yan olùdíje ààrẹ wọn. Awakọ̀ o, tíṣà o, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ o, títí kan èmi alára. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ gba iwájú ìsọ̀ ìyán àǹtí mi kọjá ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogi, lóṣù karùn-ún sí ìkẹfà ọdún yẹn, ẹ̀ bá búra pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan ààrẹ.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni pé àwọn olùkọ́ yunifásítì ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì. Ilé sú mi. Àǹtí mi kò sì fẹ́ràn kí géńdé ọkùnrin máa sùn títí oòrùn á fi wọlé bá a. Ó ní ẹni tó bá máa jẹ nínú ìyán òun á gún nínú rẹ̀. Bí mo ṣe di agúnyán nìyẹn, èmi àti ọmọkùnrin kan láti Bùnú, àwa méjì lórí odó kan. Kò sí ògiri láàárín odó àti àga àwọn oníbàárà, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n sọ tí n ò gbọ́. Àwọn tó ń lọ Lọ́kọ́jà, àwọn tó ń bọ̀ láti Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, tíṣà tó sá wá jẹun kí agogo tó lù, olúkúlùkù ló ní ẹni tirẹ̀.

Owó fọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. APC ní 100 mílíọ̀nù náírà ni ẹni tó bá fẹ́ díje máa san. PDP ní 40 mílíọ̀nù. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa béèrè pé bí ẹni náà ò bá wọlé ńkọ́, ṣé wọ́n á dá owó rẹ̀ padà? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó lè fi irú owó yẹn ta tẹ́tẹ́, kí ló kan òun pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ràn láti máa gbọ́ jù ni bàbá kan tó ti ṣe hẹ́dímásítà rí, tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá ò lè jẹun kíákíá. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí á ti dì kó tó kan ẹran. Ọdún 1993 ni ó máa ń fà yọ. Ó ní nígbà tí wọ́n ń ṣe Option A4, wọ́ọ̀dù ni olùdíje ti ń bẹ̀rẹ̀, kó tó kan ìjọba ìbílẹ̀, kó tó kan ìpínlẹ̀, kó tó wá di Jos níbi tí Abiola ti borí Kingibe àti Atiku nínú ẹgbẹ́ SDP. “Abiola, pẹ̀lú gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀, àwọn ará wọ́ọ̀dù rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ló kọ́kọ́ bẹ̀. Lọ́dún yìí, ta ló wá bẹ̀ yín?” Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọlọ́run nìkan ló mọ iye ìgbà tí ó béèrè ìbéèrè yẹn kí oṣù náà tó parí.

Bàbá ò kúkú purọ́. Ìwé òfin ìdìbò tí àwọn aṣòfin kọ́kọ́ gbé fún Ààrẹ Buhari ní ìparí ọdún 2021 ní kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa dìbò fúnra wọn láti yan olùdíje. Ààrẹ ò buwọ́ lù ú. Èyí tó buwọ́ lù lóṣù kejì 2022 jẹ́ kí ẹgbẹ́ mú ọ̀nà tó bá wù ú, àwọn ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì sì mú ọ̀nà dẹ́lígéètì, ìyẹn àwọn aṣojú díẹ̀ tó máa dìbò fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. APC mú èèyàn mẹ́ta láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 2,322. Gbogbo Kàbà-Bùnú, àwa ará ìgboro àti abúlé tó jìnnà jù lápá Bùnú, èèyàn mẹ́ta péré ló gbé ẹnu wa lọ sí Abuja. N ò rí ẹnì kan nídìí odó wa tó lè sọ pé òun bá wọn yan ọ̀kan nínú wọn.

Ti PDP kò gbà wá lákòókò púpọ̀. Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ni. Àwọn àgbà méjì kan ń fẹ́ Saraki, nítorí pé Kwara ni gbogbo wa kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991, wọ́n sì gbà pé ọmọ Ìlọrin ò ní ṣàì mọ ọ̀nà ilé wa. Ọmọ Bùnú tí a jọ ń gúnyán ò tilẹ̀ wò wọ́n. Obi ni tirẹ̀, Obi sì ti fi PDP sílẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, nítorí náà ó ń gún odó bí ẹni tí gbogbo ìjà náà ò kàn. Tambuwal yọ̀ǹda ipò rẹ̀ fún Atiku lórí pápá níbẹ̀, wọ́n ka ìbò, Atiku ní 371, Wike 237, Saraki 70. Hẹ́dímásítà ní Atiku tó ṣe ipò kẹta ní Jos nígbà náà lọ́hùn-ún nìyí o, ó ṣì ń sáré. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni tó ń yìn ín.

APC ni wàhálà. Ní Thursday, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, Tinubu lọ bá àwọn dẹ́lígéètì Ògùn sọ̀rọ̀ ní Abẹ́òkúta. Kó tó di alẹ́, fídíò náà ti dé orí fóònù gbogbo wa: “Èmi ló kàn.” Àti ibi tó ti pe gómìnà tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ní “Eléyìí”. Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ kan tó máa ń ná Ìlọrin wọlé, ó kí wa ní “Òkun o”, kò tíì fìdí kan àga tó ti lu tábìlì gbì: “Yorùbá ló kàn! Ó ti sọ ọ́!”

Hẹ́dímásítà gbé orí sókè nínú àwo. “Yorùbá wo?”

“Àwa náà ńkọ́, bàbá?”

“Ìwọ? Nígbà tí àwọn gómìnà Yorùbá bá ń ṣe ìpàdé, ta ni wọ́n rán sí ọ? Nígbà tí wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, ṣé wọ́n dá a dé Kàbà? Àríwá ni wọ́n kà ọ́ mọ́. Láti ayé òyìnbó ni wọ́n ti kà ọ́ mọ́ Àríwá.”

Awakọ̀ náà wò ó títí. “Bàbá, èdè wo ni ẹ fi ń bú mi yìí?”

Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ yẹn pọ̀ débi pé ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ àwa ará Òkun nìyẹn, Owé, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú, Owórò. Bí a bá dé Lọ́kọ́jà, Yorùbá ni wá. Bí a bá dé Ìbàdàn, wọ́n á ní ẹ̀yin ará Kogi. Láti ìgbà tí Kogi ti wà, kò tíì sí ọmọ Òkun kan tí wọ́n dìbò yàn ní gómìnà. Clarence Ọláfẹ́mi ọmọ Mọ̀pà dé orí àga náà ní 2008, adelé ni, torí pé òun ni olórí ilé aṣòfin nígbà tí ilé-ẹjọ́ fagi lé ìbò. Wọ́n tún ìbò dì, ó sì kúrò. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ti ní “ó kàn”, etí wa á dúró. Ohun tí a ò mọ̀ ni bóyá a wà nínú àwọn tó kàn.

Tíṣà obìnrin kan wà tó jẹ́ ti Osinbajo, igbákejì ààrẹ nígbà náà, pátápátá. Òun ló bá awakọ̀ náà jà jù. Ó ní ọ̀mọ̀wé ni, ó tutù, a ò gbọ́ ẹ̀gbin kan nípa rẹ̀. Awakọ̀ ní ta ló mú un wá, ṣebí Tinubu ni? Ta ló fi ṣe kọmíṣọ́nnà ìdájọ́ ní Èkó? Ọmọ tí bàbá gbé sórí ẹṣin, ṣé ó yẹ kó fi ẹṣin tẹ bàbá? Tíṣà ní bàbá wo, ṣé ogún ni Nàìjíríà ni, tí àkọ́bí fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pín? Ìjà ọ̀hún dé ibi tí kò yẹ kó dé, nítorí pé àǹtí mi náà dá sí i, àwa méjì sì dúró ká lè gbọ́ dáadáa, ni ìyán bá ní kókó. Oníbàárà kan yọ kókó tó tóbi bí èékánná jáde nínú òkèlè rẹ̀, ó gbé e sétí àwo kí gbogbo ayé lè rí i. Láti ọjọ́ yẹn ni àǹtí mi ti ṣòfin: ẹni tó bá dárúkọ olùdíje nígbà tí ọmọ odó bá wà lókè, á bọ́ agbádá wá gún un fúnra rẹ̀.

Ọmọ Òkènè kan tó ń ta páàtì mọ́tò nítòsí wa ni alátakò gbogbo wọn. Yahaya Bello ni tirẹ̀, kò sì fi pamọ́. Ìdí tó fi lélẹ̀ kò burú: gómìnà gbogbo wa ni, ọ̀dọ́ ni láàárín àwọn àgbàlagbà, bí ọmọ Kogi bá sì di ààrẹ, ṣé ọ̀nà Òkènè nìkan ni wọ́n máa ṣe? Awakọ̀ dá a lóhùn pẹ̀lú ìbò gómìnà Kogi ọdún 2015. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé mọ̀ ọ́n: Abubakar Audu, olùdíje APC, kú kí wọ́n tó parí ìbò náà, James Faleke ọmọ Ẹ̀kìnrìn-Àdé ni igbákejì tí wọ́n jọ díje, APC sì mú Bello, ẹni tó ṣe ipò kejì nínú ìdìbò abẹ́lé wọn, láti parí rẹ̀. Faleke gbé e dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù, kò rí i gbà. Ọmọ Òkènè ní ilé-ẹjọ́ ti dá a, ó ti tán. Awakọ̀ ní nílé-ẹjọ́ ló ti tán, kò tíì tán nínú òun. Mo gbà pé àwọn méjèèjì lóye ara wọn ju bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ. Awakọ̀ yìí kan náà ló ń ra páàtì láwìn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Sunday ọjọ́ karùn-ún, kò sí ẹni tó jiyàn. Àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, wọ́n pa èèyàn bí 40. Ọ̀wọ̀ ò jìnnà sí wa. Ẹ gba Ìkàrẹ́, ẹ ti débẹ̀. Lọ́jọ́ Monday, tíṣà obìnrin yẹn wá jẹun, kò dárúkọ Osinbajo, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ló sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò bèèrè iná, òun ò bèèrè ọ̀nà, kí ẹni tó bá wọlé ṣáà jẹ́ kí òun lọ ra iṣu ní Bùnú kí òun sì padà wálé. Nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ lóṣù yẹn, òun nìkan ni n ò rí ẹni tó ta kò.

Ọjọ́ yẹn náà ni ìròyìn dé pé alága APC, Abdullahi Adamu, ti mú Lawan, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà nígbà náà, pé òun ni kí ẹgbẹ́ fà kalẹ̀. Àwọn gómìnà Àríwá ní àwọn ò gbà, kí ipò olùdíje lọ sí Gúúsù. Bello ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára wọn ní tirẹ̀, ó ní òun ò ní yọ̀ǹda fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ Òkènè ra mínírà fún gbogbo wa.

Wọ́n dìbò ní Eagle Square mọ́jú Wednesday, ọjọ́ kẹjọ. Àǹtí mi gbé tẹlifíṣọ̀n síta, epo jẹnẹrétọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kó wa lérè lọ. Wọ́n ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń tú ìbò: Tinubu, Tinubu, Amaechi, Tinubu. Nígbà tó yá, kódà àwọn tí kò fẹ́ ẹ ti ń bá wọn pè é. Tinubu 1,271. Amaechi 316. Osinbajo 235. Lawan 152. Bello 47.

Hẹ́dímásítà nu ọwọ́ rẹ̀, ó ya ẹ̀yìn páálí sìgá kan, ó gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó kọ 21, iye ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Kogi. Ó fi mẹ́ta sọ ọ́ dọ̀pọ̀, ó kọ 63. Ó kọ 47 sábẹ́ rẹ̀, ó fa ìlà. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn ti páálí náà sí àárín tábìlì. Ìbò ìkọ̀kọ̀ ni o, kò sí ẹni tó lè sọ ẹni tó dì í àti ẹni tí kò dì í. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ti mú páálí náà, ó ń fi han ẹni tó ń wọlé. Ẹlòmíì ní gómìnà máa pé ọdún 47 lóṣù yìí gan-an, ìbò kan fún ọdún kan. Ọmọ Òkènè rẹ́rìn-ín, ká sọ tòótọ́. Ó ní ó ṣáà ju òdo lọ, ẹ bi Okorocha àti Bakare.

Tíṣà ti fẹ́ dìde lọ nígbà tí ẹnì kan ní ta ni wọ́n máa wá mú ṣe igbákejì báyìí. Gbogbo wọn ní ará Àríwá ni, kò lè jẹ́ ẹlòmíràn. Awakọ̀ gbé òkèlè dúró lágbedeméjì.

“Bàbá, ẹ ní Àríwá ni Kàbà?”

“Nínú ìwé, Àríwá ni.”

“Ó dáa. Kí wọ́n wá mú un ní Kàbà níbí.”

Tíṣà yí padà. “Bọ̀dá, ṣebí ní Friday ẹ ní Yorùbá ni yín?”

“Èyí tí wọ́n bá ń pín ni mo jẹ́.”

Àǹtí mi ní kó kọ́kọ́ wá san owó ìyán àná.